Níbo gan-an ni kí a fi sẹ́ńsọ̀ Hall sí lára mọ́tò aláìní búrọ́ọ̀ṣì?

Oníkẹ̀kẹ́Iná (ẹni tó béèrè):

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà tó wà níbí. Mo ní mọ́tò aláìní búrọ́ọ̀ṣì kan tí ìgbá òde rẹ̀ ń yí, tí irin àárín rẹ̀ sì dúró sójú kan. Eyín 12 ni irin àárín náà ní, àwọn ni wọ́n wé wáyà mọ́, òòfà 14 ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ inú ìgbá. Bí ó bá ti ń sáré, kò ní ìyọnu kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ kí ó gbéra láti ojú kan pẹ̀lú ẹrù lórí, ńṣe ni ó máa ń gbọ̀n, tí á máa lọ síwá sẹ́yìn kí ó tó mú ọ̀nà pọ̀n. Wọ́n sọ fún mi pé sẹ́ńsọ̀ Hall mẹ́ta, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń mọ ibi tí òòfà wà, ni yóò yanjú rẹ̀. Mo ti ra wọ́n, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí n ó lẹ̀ wọ́n mọ́. Àwòrán kan fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tímọ́tímọ́, òmíràn pín wọn yí mọ́tò ká lọ́gbọọgba. Èwo ni ó tọ́? Ṣé ojú lásán ni a fi ń wò ó ni, àbí ó ní ìṣirò?

Ìwọ̀nDígírì:

Ẹ káàbọ̀. Àwòrán méjèèjì ló lè tọ́, nítorí pé kì í ṣe bí sẹ́ńsọ̀ ṣe jìnnà síra lójú wa ni kọntírólà, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún wáyà mọ́tò, ń wò, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe jìnnà síra nínú ìyípo iná, ìyẹn láti àríwá òòfà kan dé àríwá tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mọ́tò yín fi ń gbọ̀n. Kọntírólà tí kò ní sẹ́ńsọ̀ máa ń mọ ibi tí òòfà wà láti ara fóltéèjì tí mọ́tò fúnra rẹ̀ ń mú jáde bí ó ti ń yí. Nígbà tí mọ́tò bá dúró, fóltéèjì yẹn kò sí rárá, nítorí náà ńṣe ni kọntírólà á máa méfò, tí á máa rán iná sínú wáyà kan tẹ̀lé òmíràn títí mọ́tò á fi gbà láti tẹ̀lé e, bí ẹrù bá sì wúwo, àméfò yẹn kì í sábà bọ́ sí i. Sẹ́ńsọ̀ Hall kò retí kí mọ́tò yí kí ó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ṣàwárí ní ọdún 1879 ni ó ń lò: bí iná bá ń ṣàn nínú irin pẹlẹbẹ, tí agbára òòfà sì gba inú irin náà kọjá, fóltéèjì kékeré yóò yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yálà òòfà náà ń rìn tàbí ó dúró jẹ́ẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Òòfà 14 túmọ̀ sí àríwá kan pẹ̀lú gúúsù kan, lọ́nà 7. N ó máa pe àríwá kan pẹ̀lú gúúsù kan ní ìsopọ̀ òòfà. Nígbà tí ìgbá mọ́tò bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ìyípo iná ti wáyé lẹ́ẹ̀meje, èyí ni pé dígírì kan ti ara mọ́tò jẹ́ dígírì 7 ti iná. Ohun tí ọ̀pọ̀ kọntírólà ń fẹ́ ni kí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní dígírì 120 ti iná. Ẹ pín 120 sí ọ̀nà 7, ẹ ó rí dígírì 17.14 ti ara. Àwòrán àkọ́kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi odindi ìyípo iná kún 120, kò sí ohun tó yí padà lójú sẹ́ńsọ̀. Ẹ fi ìyípo méjì kún un, ó di 840. Ẹ pín in sí ọ̀nà 7, ó jẹ́ dígírì 120 ti ara géérégé. Àwòrán kejì nìyẹn, àwọn tí a pín yí ká.

AtúnMọ́tòṢe:

Àlàyé ẹ̀gbọ́n tọ́. Kí a tó lọ jìnnà, irú sẹ́ńsọ̀ wo ni ẹ rà? Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́Iná:

A3144 ni mo rí lójú wọn, ẹ̀gbọ́n.

AtúnMọ́tòṢe:

Ẹ gbé e sílẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni ó wà fún. Ojú gúúsù òòfà nìkan ni irú ìyẹn ń dá lóhùn: yóò tàn nígbà tí gúúsù bá sún mọ́ ọn dáadáa, yóò sì kú nígbà tí agbára gúúsù bá dínkù, kódà kí àríwá tó dé. Nítorí náà àkókò tí ó fi ń tàn kì í gùn tó àkókò tí ó fi ń kú, ibi tí ó sì ti ń yí padà kì í ṣe ààlà àárín òòfà méjì. Bẹ́ẹ̀, ààlà yẹn gan-an ni a ń wá.

Èyí tí ẹ nílò ni irú tí ó máa ń di ipò rẹ̀ mú: bí gúúsù bá tàn án, kò ní kú títí àríwá yóò fi dé, bí àríwá bá pa á, kò ní tàn títí gúúsù yóò fi padà. US1881 jẹ́ ọ̀kan nínú irú bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò inú àgbá kẹ̀kẹ́ iná, SS41F ni a sábà ń bá. Ẹ tún wo ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀, nítorí ti àwọn kan kò ju dígírì Sẹ́lṣíọ̀sì 85 lọ, àwọn mìíràn sì lè dé 150. Èyí tó lè dé 150 ni kí ẹ rà bí ẹ bá máa fi í sí àárín wáyà mọ́tò.

ÌyáẸ̀rọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ọwọ́ á ti kan iṣẹ́, nítorí pé bí ìṣirò bá pé, tí ibi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ kò bá dára, asán ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkínní, ẹ lè fi sẹ́ńsọ̀ sí ẹnu àlàfo tó wà láàárín eyín méjì, níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti kọ sí òòfà láti inú. Agbára òòfà pọ̀ níbẹ̀, ibi tí sẹ́ńsọ̀ ti ń yí padà yóò sì mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ooru wáyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àyè kò sì tó nǹkan, bí ara ìgbá bá sì kan sẹ́ńsọ̀ nígbà tó ń yí, yóò gé e dànù. Èkejì, ẹ lè fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìgbá láti òde, kí ó máa ka ìwọ̀nba agbára òòfà tó ń jò gba ara irin ìgbá jáde. Ó rọrùn jù lọ láti ṣe, èmi kò sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé bí irin ìgbá bá nípọn, ohun tó ń jò jáde kò ní tó, àmì sẹ́ńsọ̀ yóò sì máa ṣe ségesège. Ẹ̀kẹta ni pẹpẹ kékeré tí a tò sẹ́ńsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, tí a dè mọ́ ìsàlẹ̀ mọ́tò ní ìdojúkọ etí àwọn òòfà. Èyí ni mo fọwọ́ sí, pàápàá bí ihò skúrúù pẹpẹ náà bá gùn díẹ̀ tí a fi lè yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì kí a tó fún un mọ́lẹ̀.

Bí òbìrí tí sẹ́ńsọ̀ wà lórí rẹ̀ bá jìnnà sí àárín ní mílímítà 25, dígírì 17.14 yẹn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 7 àbọ̀ lórí òbìrí náà. Sẹ́ńsọ̀ náà fẹ̀ tó mílímítà 4, nítorí náà wọn yóò gba ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra gidigidi níbi ìwọ̀n: bí ọ̀kan bá yẹ̀ ní mílímítà 1 péré, ó ti lé ní dígírì 2 ti ara, ìyẹn sì tó dígírì 16 ti iná nínú mọ́tò yín. Dígírì 60 ti iná ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí kọntírólà ń gbé láti darí iná sí wáyà mìíràn, èyí tó fi hàn pé àṣìṣe mílímítà kan ti jẹ ìdá mẹ́rin ìgbésẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí a ya pẹpẹ náà lórí kọ̀ǹpútà, kí a sì fi ẹ̀rọ gé e, dípò kí a fi rúlà àti ojú wò ó.

Ní ti gọ́ọ̀mù, epóksì tó lè fara da ooru ni kí ẹ lò. Gọ́ọ̀mù gbígbóná tí a ń fi ìbọn yọ́ yóò rọ̀ padà nígbà tí mọ́tò bá gbóná, sẹ́ńsọ̀ yóò sì sún kúrò ní àyè rẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé ojú tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sí apá kan náà.

Oníkẹ̀kẹ́Iná:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ìyá mi. Mọ́tò yìí ti wà nínú ilé irin tí kò fi àyè pẹpẹ sílẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí náà àárín eyín ló kù fún mi. Ṣé àlàfo tó bá wù mí ni mo lè lò, bí mo bá ṣáà ti pín wọn ní 120?

Aláìsinmi:

Èyíkéyìí ni. Ẹ ṣáà ti ka àlàfo mẹ́rin-mẹ́rin láàárín wọn.

Ìwọ̀nDígírì:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lo èyíkéyìí. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dáhùn ọ̀kan tí wọ́n ń gbàgbé èkejì. Ọ̀kan ni bí sẹ́ńsọ̀ ṣe jìnnà sí ara wọn. Èkejì, tí mo kà sí pàtàkì jù, ni bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dúró sí wáyà tí a wé. Sẹ́ńsọ̀ lè jìnnà síra ní 120 láìsí àṣìṣe kankan, kí gbogbo wọn sì jọ yẹ̀ kúrò ní àyè wọn ní dígírì 30 ti iná. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò yí, ṣùgbọ́n yóò máa jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì lágbára ní apá kan ju apá kejì lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wé wáyà mọ́tò eyín 12 àti òòfà 14 lọ́pọ̀ ìgbà: eyín méjì tó tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ ti féèsì (ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ wáyà mẹ́ta tí mọ́tò ní) kan náà, ọ̀kan a wé sọ́tùn-ún, èkejì a wé sósì, lẹ́yìn náà ni eyín méjì ti féèsì kejì, lẹ́yìn náà ti ẹ̀kẹta, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkínní títí yóò fi yí ká. Irú àlàfo méjì ni èyí ń bí. Àlàfo kan wà láàárín eyín méjì tí wọ́n jẹ́ ti féèsì kan náà. Òmíràn wà níbi tí féèsì méjì ti pàdé. Eyín kan sí èkejì jẹ́ dígírì 30 ti ara, ìyẹn 210 ti iná. Bí ẹ bá fi èyí ṣe ìṣirò ibi tí agbára féèsì kọ̀ọ̀kan dojú kọ, ẹ ó rí i pé àlàfo tí féèsì méjì ti pàdé bọ́ sí ojú ibi tí ó yẹ kí kọntírólà ti pààrọ̀ ìgbésẹ̀, nígbà tí èyí tó wà láàárín eyín féèsì kan náà yẹ̀ ní dígírì 30 ti iná.

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí féèsì méjì ti pàdé, ẹ pè é ní àlàfo kìíní, kí ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sí ìkíní, ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án. Ibi tí féèsì méjì ti pàdé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò bọ́ sí. Bí wáyà sẹ́ńsọ̀ kò bá gùn tó láti yí ká, ìkíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún náà yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àlàfo méjì jẹ́ 420 ti iná, ìyẹn 60 lẹ́yìn ìyípo kan, nítorí náà ìtò oní-60 ni ẹ ó ní. Bí kọntírólà yín kò bá gba oní-60, ẹ yí ojú sẹ́ńsọ̀ àárín padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí òòfà. Yóò di oní-120 lójú ẹsẹ̀.

Aláìsinmi:

Mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun fún àlàyé náà.

AgbáKẹ̀kẹ́:

Ẹ dákun, mo fẹ́ béèrè lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Tèmi ni mọ́tò inú àgbá, eyín 27, òòfà 30. Ṣé èmi náà lè pín sẹ́ńsọ̀ sí 120 ti ara yí ká?

Ìwọ̀nDígírì:

Rárá o. Ìsopọ̀ òòfà 15 ni ẹ ní, 120 ti ara nígbà 15 sì jẹ́ 1800 ti iná, ìyẹn ìyípo márùn-ún géérégé láìsí ìyókù. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kọntírólà kò sì ní mọ nǹkan kan ju ohun tí ẹyọ kan ì bá sọ fún un lọ. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tí iye ìsopọ̀ òòfà bá ṣeé pín sí mẹ́ta láìkù. Fún tiyín, ẹ lè fi dígírì 8 ti ara sáàárín wọn. Bí ẹ bá fẹ́ lo àlàfo, ẹ ka mẹ́ta-mẹ́ta: àlàfo mẹ́ta jẹ́ dígírì 40 ti ara, ìyẹn 600 ti iná, tó jẹ́ 240 lẹ́yìn ìyípo kan, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀kẹta yóò sì bọ́ sí 120. Ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò wọn yí sẹ́yìn, ìyẹn sì rọrùn láti tún ṣe nípa pípààrọ̀ wáyà méjì.

AtúnMọ́tòṢe:

Ọ̀rọ̀ wáyà kò gùn. Márùn-ún ni: fóltì 5, ilẹ̀, àti àmì mẹ́ta. Sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyí kì í ti fóltéèjì jáde fúnra wọn, wọ́n kàn máa ń fa àmì sílẹ̀ ni, nítorí náà ẹ nílò rẹsísítọ̀ kan láti fóltì 5 sí àmì kọ̀ọ̀kan, kílóómù 4.7 dára. Ọ̀pọ̀ kọntírólà ti ní i nínú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ má baà ṣe é lẹ́ẹ̀méjì. Ẹ fi kapásítọ̀ nanofárádì 100 sáàárín fóltì 5 àti ilẹ̀ nítòsí sẹ́ńsọ̀, kí ẹ sì má ṣe di wáyà àmì pọ̀ mọ́ wáyà féèsì, nítorí ariwo iná láti inú féèsì yóò wọ inú àmì.

Kí ẹ tó da epóksì sí i, ẹ fún un ní fóltì 5 nìkan, ẹ fi mítà sí àmì kan, kí ẹ fi ọwọ́ yí mọ́tò díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí òfo kí ó sì padà gòkè lẹ́ẹ̀meje ní ìyípo kan. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, sẹ́ńsọ̀ jìnnà jù sí òòfà níbì kan. Lẹ́yìn náà ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: nínú ìtò oní-120, kò gbọdọ̀ sí ìgbà kankan tí gbogbo wọn yóò gòkè pọ̀ tàbí tí gbogbo wọn yóò wálẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá rí èyí, yálà wáyà kan ti já, tàbí sẹ́ńsọ̀ kan kọ ẹ̀yìn sí òòfà.

ÌyáẸ̀rọ:

Ẹ fi èyí kún un: bí ẹ bá rí ósílóskóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya bí fóltéèjì ṣe ń lọ sókè sódò sójú gíláàsì, yá, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ fi dírílì yí mọ́tò náà láìso ó mọ́ kọntírólà, ẹ wo fóltéèjì tó wà láàárín wáyà féèsì méjì, kí ẹ sì gbé àmì sẹ́ńsọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, wáyà féèsì méjì kan wà tí fóltéèjì àárín wọn ń gba òfo kọjá ní àkókò gan-an tí sẹ́ńsọ̀ náà ń yí padà. Bí méjèèjì bá ṣe déédéé, àyè rẹ̀ pé. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń yára ṣáájú tàbí tó ń lọ́ra, ẹ ó rí i kedere, ẹ ó sì mọ apá tí ẹ máa sún un sí. Ẹ má da epóksì sí i títí ẹ ó fi rí i bẹ́ẹ̀.

AtúnMọ́tòṢe:

Nígbà tí ẹ bá wá so ó mọ́ kọntírólà, ẹ má ṣe fọwọ́ kan wáyà féèsì mọ́. Wáyà àmì mẹ́ta ni kí ẹ máa pààrọ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀nà mẹ́fà péré ló wà. Ẹ dín iná kù gidigidi láti orísun rẹ̀, kí mọ́tò má ní ẹrù lórí, ẹ sì fún un ní ìwọ̀nba díẹ̀. Èyí tó tọ́ yóò gbéra wẹ́rẹ́ láti ipòkípò, iná tí ó ń jẹ yóò kéré. Èyí tí kò tọ́ yóò máa kùn, yóò gbọ̀n, tàbí kí ó yí ṣùgbọ́n kí ó máa jẹ iná bí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn yìí sì ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Bí kò bá sí èyí tó dára nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ṣeé ṣe kí gbogbo sẹ́ńsọ̀ kọ ẹ̀yìn sí òòfà. Àwọn kọntírólà kan bíi VESC máa ń yí mọ́tò díẹ̀díẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á sì kọ igun tí àmì kọ̀ọ̀kan bọ́ sí sílẹ̀, nítorí náà wọn kò bìkítà nípa ètò wáyà, wọ́n sì lè fara da àṣìṣe díẹ̀ nínú àyè sẹ́ńsọ̀.

Oníkẹ̀kẹ́Iná:

Mo ti ṣe é, ẹ̀yin ògá mi, pẹ̀lú US1881 nínú àlàfo ìkíní, ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án. Mọ́tò ń gbéra pẹ̀lú ẹrù láìgbọ̀n rárá, inú mi sì dùn púpọ̀. Ohun kan ló kù. Bí ó bá yí síwájú láìsí ẹrù, iná tí ó ń jẹ dínkù díẹ̀ sí ìgbà tí ó ń yí sẹ́yìn. Ṣé kí n tún wọn sún ni? Ẹnìkan tún ní kí n sún gbogbo wọn síwájú kí mọ́tò lè sáré sí i.

Ìwọ̀nDígírì:

Ìyàtọ̀ apá méjèèjì ni òṣùwọ̀n tó dára jù lọ tí ẹ ní báyìí. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wà ní àárín gan-an, iná àti ìyára yóò dọ́gba ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ kékeré kò burú, ó kàn fi hàn pé wọ́n yẹ̀ ní ìwọ̀nba.

Ní ti sísún wọn síwájú, òótọ́ wà níbẹ̀. Iná kì í dé ẹ̀kún lẹ́ẹ̀kan náà nínú wáyà tí a wé, nítorí náà nígbà tí mọ́tò bá ń sáré gan-an, bí a bá pààrọ̀ ìgbésẹ̀ ṣáájú díẹ̀, iná yóò ti dé nígbà tí a nílò rẹ̀. Dígírì 10 ti iná jẹ́ dígírì 1.4 péré ti ara nínú mọ́tò yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi kún ti iwájú, ẹ̀yìn ni ẹ ti yọ ọ́, agbára ìgbéra yóò sì dínkù pẹ̀lú. Ìgbéra pẹ̀lú ẹrù ni ó gbé yín wá síbí, nítorí náà ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, kí ẹ sì da epóksì sí i.